Ta ni ohùn ẹ̀ dáa jù, Freddie Mercury àbí Robert Plant? Ìdáhùn sí tẹ́nọ̀ kan tí ohùn ẹ̀ máa ń há

Ìbéèrè tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí mi nìyí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti bọ̀dá mi tí mo tẹ̀lé ò lè wà nínú mọ́tò kan náà ká má jà lórí orin rọ́ọ̀kì àtijọ́. Wọ́n ní kò tíì sí ẹni tó kọrin bíi Robert Plant ti Led Zeppelin, èmi ní Freddie Mercury ti Queen ni, ṣebí wọ́n ní óktéfù mẹ́rin ló wà lọ́fun ẹ̀, Plant kàn ń pariwo ni. Bọ̀dá mi ní tíátà ni Mercury ń ṣe. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? Ìkejì, tẹ́nọ̀ ni mí nínú kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo máa ń gbìyànjú láti kọ ọ́ bíi tiwọn, àmọ́ tí mo bá ti ṣe é lálẹ́ Sátidé, ohùn mi á há títí di ọjọ́ Túsìdé. Kí làwọn yẹn ń ṣe tí èmi ò mọ̀?"

Àbúrò mi, ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo ka lẹ́tà ẹ, torí ìjà kan náà yìí lèmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ti ń jà bọ̀ láti ìgbà tá a wà ní yunifásítì, a ò sì tíì parí ẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n mo rí i pé o pín ìbéèrè ẹ sí méjì bíi pé ọ̀tọ̀ ni ìkíní, ọ̀tọ̀ ni ìkejì. Ìkan ṣoṣo ni lójú tèmi o. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìwọ àti bọ̀dá ẹ náà ló ń mú ohùn ẹ há: ẹ̀yin méjèèjì gbà pé ohùn tó ga ni ohùn tó dáa, ẹ sì gbà pé ẹni tó bá ń kọrin bí ẹni tí nǹkan ń ya lọ́fun, nǹkan ń ya lọ́fun ẹ̀ lóòótọ́ ni. Èyí àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́ rárá, èkejì jẹ́ ààbọ̀ òótọ́. Mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn lórin fún ọdún mẹ́rìnlélógún báyìí, inú kọ́yà lèmi náà ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ àwọn àwo rọ́ọ̀kì tí àbúrò ìyá mi kó bọ̀ láti ìlú Òyìnbó ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n máa béèrè pé báwo gan-an lọ̀fun èèyàn ṣe ń ṣe irú nǹkan yìí, torí náà jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, ó máa gùn díẹ̀.

Ká bẹ̀rẹ̀ lórí óktéfù mẹ́rin tó o fi ń lérí yẹn (óktéfù kan ni láti dò kan dé dò tó kàn lókè ẹ̀). Mo mọ̀ pé kò síbi tí wọn ò ti ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ní 2016 àwọn onímọ̀ nípa ohùn láti Austria, Czech àti Sweden jókòó ti àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù Mercury, wọ́n wọn ohùn ẹ̀ bí télọ̀ ṣe ń wọn aṣọ, ohun tí wọ́n rí ò ju óktéfù mẹ́ta àti nǹkan táṣẹ́rẹ́ lé lórí ẹ̀. Óktéfù mẹ́ta ò kéré o, ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a wà ní kọ́yà, méjì la fi ń jẹun. Àmọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú iṣẹ́ wọn ni ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ níbi tó ti ń dá àwọn oníròyìn lóhùn, wọ́n rí i pé tán-án-ná ọ̀fun ẹ̀, ìyẹn awẹ́ ẹran méjì tó ń mú ohùn jáde, ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 117 ní sẹ́kọ́ńdì kan, ìyẹn sì bá ohùn báritóònù, ohùn ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ tẹ́nọ̀, mu ju ti tẹ́nọ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ọkùnrin tó o rò pé wọ́n bí ohùn òkè mọ́, ìsàlẹ̀ nilé ẹ̀ wà, ṣe ló ń gun àkàbà lọ sókè, ó wá ń gùn ún dáadáa débi pé a rò pé òkè níbẹ̀ ló ń sùn. Tó bá sì di nọ́tì kan mú pẹ́, ohùn ẹ̀ máa ń gbọ̀n sókè sódò. Gbogbo olórin tó mọ iṣẹ́ lèyí ń ṣẹlẹ̀ sí, ti àwọn olórin ọ̀pẹ́rà sábà máa ń tó ìgbà márùn-ún sí mẹ́fà ní sẹ́kọ́ńdì kan, tiẹ̀ lé díẹ̀ ní méje, kò sì lọ geerege bíi tiwọn, ó dà bí iná àtùpà tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ ká dá a mọ̀ kó tó parí ìlà kan, kì í ṣe gíga rárá.

Bọ̀dá ẹ ní tíátà ló ń ṣe. Òótọ́ ni, mi ò sì rí àbùkù kankan níbẹ̀. Zanzibar ni wọ́n bí Mercury sí ní 1946, ìdílé Pásì tó wá láti Íńdíà, Farrokh Bulsara lorúkọ ẹ̀, wọ́n rán an lọ sí iléèwé ní Íńdíà, ibẹ̀ ló ti kọ́ dùùrù, 1964 ni òun àtàwọn òbí ẹ̀ tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fẹ́ràn ọ̀pẹ́rà débi pé òun àti Montserrat Caballé, olórin ọ̀pẹ́rà ará Sípéènì, jọ ṣe odindi àwo kan tó jáde ní 1988. Tó o bá gbọ́ orin Queen tó lókìkí jù, èyí tó jáde ní 1975, wàá gbọ́ pé èèyàn bíi mẹ́ta mẹ́rin ló wà lọ́fun ọkùnrin kan ṣoṣo: ọmọ tó ń sunkún sí ìyá ẹ̀ létí, adájọ́, ẹni tí inú ń bí, ẹni tó ti rẹ̀. Ohùn tó ń pààrọ̀ aṣọ nìyẹn. Ká sì fi òótọ́ sọ ọ́, nọ́tì tó ga jù nínú ìdààmú ọ̀pẹ́rà tó wà láàárín orin yẹn, Roger Taylor tó ń lu ìlù fún wọn ló gbé e, kì í ṣe Mercury. Lórí sítéèjì pàápàá Mercury máa ń já orin wálẹ̀ níbi tó yẹ kó gùn, á fi nọ́tì mìíràn dí i, èrò ò ní mọ̀, torí kókó wà lára tán-án-ná ẹ̀ láti àárín ọdún 1970 síwájú, ó sì tún ń mu sìgá. Nígbà tó wá dé Wembley ní July 13, 1985, tí gbogbo ayé ń wò ó, ohun tó fi mú èrò ẹgbẹ̀rún méjìléláàádọ́rin náà ò ju "eè-òò" lásán lọ, ó ń pè, wọ́n ń gbè. Ọmọ kékeré lè kọ ọ̀pọ̀ nínú nọ́tì yẹn.

Ó wá ku Plant tó o ní ó kàn ń pariwo. Àbúrò, o ṣì í gbọ́ ni. West Bromwich ni wọ́n bí i sí ní 1948, tẹ́nọ̀ òkè ni láti ilé, òun ò gun àkàbà kankan. Àwo búlúùsì àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló fi dàgbà, Robert Johnson, Howlin' Wolf àtàwọn bẹ́ẹ̀, ó sì tún ń wo ẹ̀gbọ́n kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Steve Marriott ti ẹgbẹ́ Small Faces, ẹni tí kò ga tó nǹkan lára àmọ́ tí ohùn ẹ̀ lè ṣí òrùlé. Nínú àwo àkọ́kọ́ tí Led Zeppelin ṣe, January 1969 ló jáde, ibì kan wà tí gìtá Jimmy Page ń sọ nǹkan tí Plant ń fi ohùn lásán sọ ọ́ padà, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ohùn ń tẹ̀lé okùn gìtá sókè sódò bí ìgbà tí onílù bá fi ìyá ìlù pe èèyàn tí onítọ̀hún sì dá a lóhùn. Ìyẹn niṣẹ́ Plant. Mercury ń ṣojú ènìyàn nínú orin, ó ń sọ ìtàn, ó fẹ́ kó o gbọ́ gbogbo lẹ́tà tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Plant ò bìkítà bóyá o gbọ́ ọ̀rọ̀, ó ti di ohun èlò orin kan láàárín àwọn yòókù, á fà sẹ́yìn lẹ́yìn ìlù, á tún já síwájú ẹ̀, á mí sínú máìkì, á kérora. Tó o bá ń fi òṣùwọ̀n Mercury wọn Plant, ariwo lo máa gbọ́. Tí bọ̀dá ẹ náà bá ń fi òṣùwọ̀n Plant wọn Mercury, aṣọ àti àtíkè ló máa rí.

Ibì kan tún wà tí ìjà yín ti yẹ kó gbòòrò ju báyìí lọ, ìyẹn ni pé nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó dá irú ohùn yìí sílẹ̀. Igbe "wúù" tó o máa ń gbọ́ lẹ́nu Paul McCartney nígbà Beatles, ọ̀dọ̀ Little Richard ló ti rí i, ọmọ ìlú Macon ní Georgia, wọ́n tiẹ̀ jọ ṣeré ní Hamburg ní 1962. Little Richard fúnra ẹ̀ sọ pé òun rí tòun lẹ́nu Marion Williams, obìnrin tó ń kọ orin góspẹ̀lì. Nítorí náà igbe tí gbogbo ayé ń pè ní rọ́ọ̀kì, nínú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ti ń ké e. Janis Joplin, obìnrin aláwọ̀ funfun tó ń kọ rọ́ọ̀kì, kọ orin Big Mama Thornton, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń kọ búlúùsì, ní Monterey ní June 1967, èèyàn ò sì gbàgbé ẹ̀ mọ́, òun náà ló dá nínú owó tí wọ́n fi ra òkúta sàréè fún Bessie Smith, olórin búlúùsì aláwọ̀ dúdú mìíràn, ní 1970, torí pé obìnrin yẹn ti wà nínú ilẹ̀ láti 1937 láìní òkúta lórí. Oṣù bíi méjì lẹ́yìn ẹ̀ lòun náà kú, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Paul Rodgers ti ẹgbẹ́ Free àti Bad Company, ọ̀dọ̀ Otis Redding, olórin aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ló ti kọ́ ọ, kò sì fi pa mọ́ rí. Kódà ọ̀rọ̀ yìí dé Èkó o! Ní 1973 tí McCartney wá ṣe àwo ní stúdíò EMI ní Àpápá, Fela gba ibẹ̀ lọ, ó ní wọ́n wá jí orin àwọn aláwọ̀ dúdú gbé, McCartney ní láti gbé orin náà sí i létí kó lè gbọ́ pé òun ò mú nǹkan kan. Ní ti orin tó wà nínú àwo yẹn, mo gbà pé kò jí nǹkan kan. Ní ti igbe tó wà lọ́fun ẹ̀ láti 1962, ó yẹ kí Fela bi í léèrè díẹ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin náà ò yéé dárúkọ Little Richard.

O lè wá bi mí pé kí ló dé tí gbogbo wọn ń kọ ọ́ sókè tó bẹ́ẹ̀. Apá kan ẹ̀ ni pé ẹ̀rọ gìtá ti lágbára ju ènìyàn lọ. Láti nǹkan bí 1967 síwájú, ẹni tó ń ta gìtá lè ní ẹ̀rọ oní 100 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ẹ̀, onílù ń fọ́ ìlù, sípíkà tí olórin lè fi gbọ́ ara ẹ̀ sì lè má sí lórí sítéèjì rárá, tó bá sì wà, kò wúlò tó nǹkan. Ohùn ìsàlẹ̀ á rì sínú gìtá bí òkúta sínú odò, ohùn òkè nìkan ló lè yọrí. Àwọn olórin ọ̀pẹ́rà ti bá ìṣòro yìí jà tipẹ́, wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀fun kí agbára ohùn kó jọ sí agbègbè bí ìgbọ̀n 3,000 ní sẹ́kọ́ńdì kan, níbi tí etí wa ti mú jù tí àwọn ohun èlò orin ò sì ti lágbára púpọ̀, ìyẹn ni ohùn wọn fi ń gba orí ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ aludùùrù àti afọnfèrè kọjá láìsí máìkì. Àwọn rọ́ọ̀kì ní máìkì, wọn ò nílò ìyẹn. Àmọ́ wọ́n nílò òkè. Ìdí nìyẹn tí Plant àti Ian Gillan ti Deep Purple fi ń kọjá ibi tí tẹ́nọ̀ ọ̀pẹ́rà ti máa ń yangàn, Gillan ní orin kan ní 1970 tó ń ké níbẹ̀ dé ibi tó jẹ́ pé obìnrin sòpúránò, ohùn obìnrin tó ga jù, ló ń gbé ibẹ̀.

Máìkì náà tún ń parọ́ fún wa, mo fẹ́ kó o mọ èyí. Nígbà tí David Bowie ṣe orin ẹ̀ tó lókìkí ní Berlin ní 1977, Tony Visconti tó ń bá a ṣe àwo to máìkì mẹ́ta sínú yàrá ńlá kan, ìkan wà lẹ́nu ẹ̀, ìkejì jìnnà, ìkẹta jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ṣe é kí àwọn tó jìnnà má gbà á àyàfi tó bá kọ ọ́ rara. Bowie báritóònù ni, kò ní ọ̀fun Gillan, ṣùgbọ́n tó bá dé ìparí orin yẹn ṣe ló dà bíi pé gbogbo ilé ń pariwo pẹ̀lú ẹ̀, nítorí gbogbo ilé náà ló ń pariwo lóòótọ́. Mick Jagger ti Rolling Stones àti Jim Morrison ti The Doors ńkọ́? Ìkan ò ní ohùn tó tóbi, ìkejì wà nísàlẹ̀ tó ń kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé wọn kì í ṣe olórin rọ́ọ̀kì. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Jẹ́ ká bọ́ sí ohùn tó ń họ, ìyẹn èyí tó ń dún bíi pé nǹkan ń ya lọ́fun, torí ibẹ̀ ni tìẹ wà. Tán-án-ná jẹ́ awẹ́ ẹran kékeré méjì nínú gògóńgò, ti ọkùnrin ò sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà méjì àti ààbọ̀ lọ. Atẹ́gùn tó ń bọ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró ló ń mú wọn pàdé, tó o bá kọ nọ́tì A tó wà lókè àárín dùùrù, ìgbà 440 ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ ní sẹ́kọ́ńdì kan. Rò ó wò ná, ìgbà 440, kó o wá máa fi agbára tì wọ́n pọ̀ fún odindi wákàtí mẹ́ta! Lókè wọn awẹ́ méjì mìíràn tún wà, mo máa ń pè é ní tán-án-ná ayédèrú fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́, iṣẹ́ tiẹ̀ ni láti bá wa pa ilẹ̀kùn dé tá a bá ń gbé oúnjẹ mì. Àwọn onímọ̀ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ní kí olórin rọ́ọ̀kì kan ní Sweden fara wé Mercury, wọ́n ki kámẹ́rà sí i lọ́fun, kámẹ́rà tó ń ya àwòrán tó lé ní 4,000 ní sẹ́kọ́ńdì kan, wọ́n sì rí i pé nígbà tí ohùn náà bá ń họ, ayédèrú náà ti dìde ó ń gbọ̀n, ti gidi á gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta kí ayédèrú tó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ fún iṣẹ́ mi ni pé ohùn lè máa họ létí ẹni tó ń gbọ́ ọ, kó jẹ́ pé òkè tán-án-ná ni ariwo náà ti ń wá, tán-án-ná gidi ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀. Ìwọ, ti gidi lò ń rin mọ́lẹ̀ lálẹ́ Sátidé.

Àmọ́ ká má parọ́, kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ ọgbọ́n yìí, àwọn kan kàn fi ọ̀fun wọn san gbèsè ni. Ní February 11, 1963 tí Beatles ń ṣe àwo wọn àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbohùn ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin ẹ̀, òtútù mú John Lennon, wọ́n fi orin tó le jù sí ìparí torí wọ́n mọ̀ pé tó bá ti kọ ọ́ tán, kò ní lóhùn mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló rí i kọ. Ìyẹn la ṣì ń gbọ́ dòní. Nígbà tó di 1969 tí McCartney fẹ́ kí ohùn òun dún bíi pé ó ti ń ṣeré láti ọ̀sẹ̀ kan, ọgbọ́n ló ta: ó ń tètè dé stúdíò ní àràárọ̀, á kọ orin náà lẹ́ẹ̀kan, tí kò bá wù ú, ó di ọ̀la. Ọ̀kan ṣe é nígbà tí kò ní ọ̀nà mìíràn, èkejì mọ iye tó fẹ́ ná. Ti Plant, tó o bá fi ohùn ẹ̀ ní 1970 wé ti 1975, wàá gbọ́ pé òkè yẹn ti ń sá fún un, kò sì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Gillan ti pa orin 1970 yẹn tì lórí sítéèjì tipẹ́. Rodgers tí kì í fi òkè ṣe nǹkan, tó máa ń jókòó sí àárín ohùn ẹ̀, tó máa ń jẹ́ kí nọ́tì kan sinmi kó tó gbé òmíràn, òun ni mo gbọ́ pé ohùn ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, débi pé nígbà tí Queen tún fẹ́ máa ṣeré káàkiri ní 2005, òun ni wọ́n mú. Kò sì gbìyànjú láti jọ Mercury. Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú sí i nítorí ìyẹn, èmi ò bínú o, mo kan sáárá sí i ni.

O fẹ́ kí n dá ẹjọ́. Tó bá jẹ́ ọgbọ́n ọ̀fun, pé kí èèyàn ní aṣọ púpọ̀ nínú àpótí kó sì mọ èyí tó yẹ kó wọ̀, ìwọ lo jàre, mi ò rí ẹni tó tó Mercury nínú àwọn rọ́ọ̀kì ìgbà yẹn. Tó bá jẹ́ ohùn tó máa mú kí irun ara dìde, tí ò sọ pé òun fẹ́ dára, láàárín 1969 sí 1972 nìkan o, mo wà lẹ́yìn bọ̀dá ẹ. Tí wọ́n bá ní kí n mú ẹnì kan tí mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mi tẹ̀lé, mi ò ní mú ìkankan nínú àwọn méjèèjì, Rodgers ni màá mú, ẹ̀yin méjèèjì á sì bínú sí mi.

Ó ku ohùn ẹ. Ọmọ ogún ọdún ni mí tí mo gun sítéèjì níbi ayẹyẹ kan níléèwé, mo fẹ́ fi Plant han àwọn èèyàn, àárín orin kejì ni ohùn mi já bí okùn, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń fọwọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń darí wa ní kí n máa jẹ orógbó kí n sì mu ẹyin tútù. Mi ò bá orógbó jà, èmi náà ń jẹ ẹ́, ó ń mú itọ́ wá sẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun tá a bá gbé mì kì í kan tán-án-ná, ọ̀nà tiẹ̀ yàtọ̀, tó bá fi lè kàn án, ikọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ́ ni. Omi tó o mu láàárọ̀ tó sì ti dé inú ẹ̀jẹ̀ ẹ ló ń ràn án lọ́wọ́ lálẹ́, kì í ṣe èyí tó o gbé mì lójú ẹsẹ̀. Tí mo bá sì wo bó o ṣe sọ pé Sátidé ló máa ń ṣẹlẹ̀, mo fura sí àìsùn ṣọ́ọ̀ṣì yín ju Plant lọ. Ìlù ń dún, jẹnẹrétọ̀ ń dún, gbogbo sípíkà kọjú sí ìjọ, ẹ̀yin kọ́yà ò gbọ́ ara yín, ẹ wá ń fi ọ̀fun wá ohùn yín kiri. Wàhálà tí mo sọ nípa sítéèjì ayé ọjọ́un nìyẹn gẹ́lẹ́. Ẹ ní kí wọ́n yí sípíkà kékeré kan sọ́dọ̀ yín. Ẹ ní kí ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù já kíì wálẹ̀, kí gbogbo orin lè sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, kò sí ẹni tó máa jókòó sí ìjọ tó máa mọ̀. Kó o tó kọrin, ki sítírọ́ọ̀ sínú ìgò omi tó dé ìdajì, máa fi ohùn fẹ́ ẹ kó máa hó, látìsàlẹ̀ lọ sókè, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ó ń mú kí tán-án-ná pàdé wẹ́rẹ́ láìjà. Tí ohùn bá ti há, dákẹ́, má fi ìsọ̀rọ̀-kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tan ara ẹ, ìyẹn náà lè máa fún un pọ̀. Tó o bá sì ń kọ́ orin Plant, kọ́ bó ṣe ń fà sẹ́yìn lẹ́yìn ìlù àti ibi tó ń mí sí, kó o kọ ọ́ ní kíì tó bá ẹ lára mu, wàá rí i pé ohun tó ò ń fẹ́ nínú ohùn ẹ̀ wà níbẹ̀ kó o tó dé òkè rárá.

Mi ò lè gbọ́ ọ̀fun ẹ láti inú lẹ́tà o. Bó ṣe ń há tó ń padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta yẹn, àárẹ̀ ló jọ lójú mi, ṣùgbọ́n tó bá di pé ó kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò padà, tàbí tó ò ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú itọ́, tàbí tí gbígbé oúnjẹ mì bá ń dùn ẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ olùkọ́ orin mọ́, dókítà tó ń wo etí, imú àti ọ̀fun ni kó o lọ bá, òun ló ní ẹ̀rọ tó máa fi wò ó. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà ẹ́ ní àgbo lórí ẹ̀ kó o tó mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Fún ìjà inú mọ́tò yẹn, nǹkan kan ṣì kù. Ní 2007 Plant àti Alison Krauss, obìnrin tó ń kọ orin bluegrass, irú orin ìbílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ṣe àwo kan pọ̀, àwo náà ló gba Grammy fún àwo tó dáa jù lọ́dún ní 2009. Plant ti sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, ó ń kọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn, kò sí igbe kankan níbẹ̀. Gbé e sí i nínú mọ́tò, má sọ orúkọ ẹni tó ń kọrin fún bọ̀dá ẹ, kó o máa wo ojú wọn títí wọ́n á fi dá a mọ̀. Kọ̀wé sọ bó ṣe lọ fún mi.